Tábìlì Ìgbà Díẹ̀ Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi fún yín.

Kí ni wọ́n ń pè ní "ìgbà díẹ̀"? Wọ́n ní ohun tí kì í tọ́jọ́ ni. Ìrì àárọ̀, ìgbà díẹ̀ ni. Ẹwà ọ̀dọ́ ńkọ́? Ìgbà díẹ̀ náà ni. Ayé gan-an, àwọn alfa wa ní ìgbà díẹ̀ ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ti Ráfíù yìí, mi ò mọ irú èyí tó jẹ́.

Híjáàbù ni mò ń tà ní àdúgbò Alabar níbí. Ráfíù tó ń ta ṣájà fóònù wá bá mi, ó tẹríba mọ́lẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kóun gbé tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní ìgbà díẹ̀ ni, kakra pɛ bí wọ́n ṣe ń wí lédè ìlú yìí, kóun tó rí ààyè ní ọjà ńlá Kejetia. Àánú ṣe mí, mo gbà fún un. Àfọwọ́fà ni, mo mọ̀!

Kò pẹ́, tábìlì yọ agboòrùn. Agboòrùn yọ pákó. Pákó di kíósì, Ráfíù tún fa iná sí i! Àwọn oníbàárà mi kò rí híjáàbù mọ́, ṣájà ni wọ́n ń rí. Obìnrin kan tiẹ̀ wọlé, ó bi mí bóyá èmi ni ìyàwó Ráfíù. Èmi!

Ọjọ́ tó ń kun kíósì lọ́dà ni inú bí mi dọ́ba. Mo bi í pé ìgbà díẹ̀ yẹn ńkọ́? Ó ní, Àǹtí, kò tíì pé.

Mo gba ilé Alfa Sànúsí lọ. Ìdílé wọn ló ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ní kí wọ́n bá mi lé e lọ kíá, torí ọjà mi ń kú lọ.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ bí bàbá mi àgbà ṣe dé Alabar. Mo ní mi ò mọ̀.

"Wọ́n gbé àpótí ọjà wá síwájú ilé bàbá mi," ni Alfa wí. "Wọ́n ní káwọn fi tajà fún ìgbà díẹ̀, káwọn tó padà sí Ìlọrin. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ wà lónìí. Ta ni ká kọ́kọ́ lé?"

Mo ní kí Bàbá má bínú, mo gbé gèlè mi, ó dilé.

Nígbà tó dọjọ́ kejì, èmi ni mo lọ bẹ Ráfíù pé kó jẹ́ kí n fi híjáàbù mélòó kan kọ́ ara kíósì rẹ̀, kí oníbàárà lè rí i. Ó ronú títí. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni o.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: kẹ́ ẹ tó lé ẹni tó ní ìgbà díẹ̀ lòun wá, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè bí ẹ̀yin náà ṣe débẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wá bá yín fún ìgbà díẹ̀, tó ṣì wà níbẹ̀ dòní? Ẹ sọ ọ́ síbí, kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan!