Àwọn Ọmọrí Tí Mo Dàrú

Ọdún tí Sáàpù dé, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ni mo parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́. Mo gba ìwé-ẹ̀rí mi, mo gbé e sínú àpótí, ó sì jókòó síbẹ̀. Ìjọba ní àwọn ò gba olùkọ́ mọ́. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá ò mọ oṣù tí owó oṣù máa dé. Bí ẹnikẹ́ni bá kí mi níta pé, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o," inú á bí mi, torí wọ́n mọ̀ dájú pé kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ mi. Ọ̀yọ́ la wà, a mọ bí a ṣe ń fi ìkíni bú èèyàn.

Bàbá mi ń fín igbá. Igbá ni bàbá tiwọn náà fín. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde, abọ́ tánganran àti ike ti lé igbá jáde nínú ilé. Kò sí ìyàwó tuntun tó fẹ́ gbé igbá wọlé ọkọ mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gba Èkó lọ. Bàbá mi ń jókòó sí ìloro, wọ́n ń fín ẹyọ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọwọ́ wọn má bàa gbàgbé. Àfi bí Sáàpù ṣe dé, tí abọ́ tánganran di ohun tí èèyàn ń wò lókèèrè. Àwọn ìyá tó ti ń fi igbá ṣe yẹ̀yẹ́ tún ń yọjú sí wa.

"Baba, ẹ kú ìjókòó o. Ṣé ẹ ṣì ń gé igbá?"

"Ìgbà wo lẹ rántí wa?" ni bàbá mi máa ń wí, wọ́n á sì gé e fún wọn.

Kò pẹ́ sí i, ìjọba gbé ètò kan jáde fún àwa tí a kàwé tí a ò ríṣẹ́. Kí olúkúlùkù wa lọ wá ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba á máa fún ọmọṣẹ́ lówó oúnjẹ, wọ́n á sì fún ọ̀gá ní irinṣẹ́, bí ọ̀gá ìjọba kan bá ti wá wo ibi iṣẹ́ náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ya lọ sọ́dọ̀ télọ̀ àti mẹkáníìkì. Èmi kọ iṣẹ́ igbá sínú fọ́ọ̀mù, mo sì kọ orúkọ bàbá mi síbi tí wọ́n ní ká kọ ọ̀gá sí. Mi ò béèrè lọ́wọ́ wọn, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Wọ́n sì sọ ọ́. Nílé wa, wọn kì í fún obìnrin ní ọ̀bẹ igbá. Ọmọbìnrin lè ha inú igbá, kó fọ̀ ọ́, kó sá a sóòrùn. Bó bá kan gígé àti fínfín, kó dìde níbẹ̀, torí ilé ọkọ ló ń lọ, yóò sì kó ọnà ilé wa lọ fún ilé onílé. Bàbá mi ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Tí ọ̀gá ìjọba yẹn bá dé, màá sọ fún un pé n ò ní ọmọṣẹ́." Ìyẹn ló dùn mí jù. Iṣẹ́ tíṣà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí èyí náà bá bọ́, ilé ni mo máa jókòó sí títí ẹnìkan á fi wá fẹ́ mi. Mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé, mo nu ojú mi, mo padà wá gbá ìloro.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá ìjọba máa wá wo ibi iṣẹ́ wa. Lọ́jọ́rú, bàbá mi lọ sí oko Ìrẹsà, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, lọ ra igbá lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Mo ní kí n tún ìloro ṣe, bóyá inú wọn á yọ́ sí mi. Igbá àdému tó lé ní ogójì ló wà nílẹ̀, tí wọ́n ti gé sí méjì-méjì, ìsàlẹ̀ àti ọmọrí. Ìyá oníṣòwò kan ní ọjà Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń dúró dè wọ́n. Eruku ti bò wọ́n. Mo kó gbogbo wọn lọ sídìí kànga, mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, mo to àwọn ìsàlẹ̀ sápá kan, mo to àwọn ọmọrí sápá kejì, bí a ṣe ń to abọ́ nílé-ẹ̀kọ́. Mo tilẹ̀ fẹ̀yìn rìn díẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa.

Bàbá mi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sọ àpò kalẹ̀, wọ́n wo òkìtì méjèèjì. Wọ́n mú ọmọrí kan, wọ́n gbé e lé ìsàlẹ̀ kan. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n mú òmíràn, ẹnu rẹ̀ ò pàdé. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Bí igbá bá ṣe hù lóko ló ṣe máa rí, kò sí méjì tó dọ́gba, ọmọrí tí a gé lára rẹ̀ nìkan ló sì lè bò ó. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Jókòó," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ìsàlẹ̀ igbá kan lé mi lọ́wọ́. "Fi ìka yí etí rẹ̀ ká. Kí lo bá níbẹ̀?"

Mo bá ìlà kékeré kan, tí ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Kí wọ́n tó gé igbá ni wọ́n máa ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìlà kọjá ibi tí ayùn máa gbà, kí ìdajì rẹ̀ lè wà lára ìsàlẹ̀, kí ìdajì wà lára ọmọrí. Igbá kan ní ìlà méjì, òmíràn ní mẹ́ta, òmíràn ní èyí tó tẹ̀. Mo ti ń fọ igbá láti kékeré, kò sì sẹ́ni tó fi hàn mí rí. Inú bí mi, mo sì sọ ọ́ jáde: "Ká ní ẹ ti kọ́ mi ni, ṣé mo máa dà wọ́n rú?"

Bàbá mi gbé ìsàlẹ̀ mìíràn lé mi lọ́wọ́. "Òótọ́ nìyẹn," ni wọ́n wí.

A ti bá bíi mẹ́wàá rí ọmọrí wọn nígbà tí ọ̀gá ìjọba dé. Ọkùnrin kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, ó wọ kóòtù nínú oòrùn Ọ̀yọ́, ó fi fáìlì há abíyá. Kò jókòó. Ó ní kí ni èèyàn tún fẹ́ kọ́ nínú igbá, pé télọ̀ àti wẹ́dà ni ètò àwọn mọ̀. Ó ti ń ṣí bírò láti fagi lé fọ́ọ̀mù mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni bàbá mi wí, "kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bá wa wá ọmọrí eléyìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ọmọrí kan. Kò bá a mu. Ó mú èkejì. Nígbà tó dé ìkẹfà, ó bọ́ kóòtù, ó jókòó sórí ẹní. Nígbà tó ṣe, ó ní ọmọrí yẹn ti sọnù. Bàbá mi yíjú sí mi. Mo gba igbá náà, mo fi àtàǹpàkò yí etí rẹ̀ ká: ìlà mẹ́ta, ọ̀kan kúrú. Mo wá a nínú òkìtì, mò ń fi ìka yí etí ọmọrí kọ̀ọ̀kan ká. Nígbà tí mo bá a, mo gbé e lé e, mo yí i títí ìlà fi pàdé ìlà. Ó dé pa. Èèyàn ò lè mọ ibi tí ayùn gbà mọ́.

Ọ̀gá náà gbà á, ó ń yí i wò. "Ọdún mélòó lo fi kọ́ èyí?"

"Àárọ̀ yìí ni," ni bàbá mi dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá mú bírò, ó béèrè ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí láti ọjọ́ tí bàbá mi ti ní àwọn ò ní ọmọṣẹ́: "Baba, ta wá ni ọmọṣẹ́ yín?"

Bàbá mi na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n mú ọ̀bẹ igbá wọn, èyí tí bàbá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n gbé e lé mi lórí itan. "Ẹ kọ orúkọ rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ kọ ọ́ kó hàn."

Kí n má parọ́, owó oúnjẹ ìjọba wá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Nínú irinṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí, ayùn kan ṣoṣo la rí, ẹnu rẹ̀ sì kú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Kí ọdún tó yí po, igbá tí mo fín ti wà lórí àtẹ ní Tákíè, bí wọ́n bá sì kí mi pé ẹ kú iṣẹ́, mo ń dáhùn tìdùnnú-tìdùnnú.

Nígbà tí mo máa lọ sílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará ilé ń kùn pé mo ń kó ọnà wọn lọ. Bàbá mi gbé igbá àdému kan fún mi lójú gbogbo wọn. Mo fi ìka yí etí rẹ̀ ká, mo bá ìlà kan níbẹ̀ tí mi ò rí rí lára igbá kankan nílé wa.

"Àmì tìrẹ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Bí o bá bí obìnrin, kọ́ ọ."