Màmá Lékeléke àti Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Ojú Omi

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń mú orí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbóná, kí ó bá wọn wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ sí erékùṣù kékeré tí ó wà láàárín adágún, níbi tí àwọn lékeléke ń yé ẹyin sí. Ìdí nìyí tí gbogbo ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Màmá Lékeléke.

Òfin kan ni Màmá fi lélẹ̀: bí ọkọ̀ bá ti dé ibi tí koríko omi ti bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú, àjẹ̀ ni a ó fi wà á débẹ̀. Ariwo a máa lé ìyá ẹyẹ kúrò lórí ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni àwòdì kì í jìnnà. Ẹyẹ tí a bá sì ń yọ lẹ́nu ṣáá yóò kó lọ síbòmíràn, iṣẹ́ Màmá yóò sì bá a lọ.

Ṣùgbọ́n máníjà hòtẹ́ẹ̀lì tí ó ń fi àlejò ránṣẹ́ kò gbọ́.

"Màmá, àwọn àlejò ní ṣe ni àwọn ẹyẹ yín jókòó bí ẹni tó wà ní ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fò díẹ̀, kí wọ́n lè rí fọ́tò yà!"

"Ṣé èmi ni mo so ìyẹ́ mọ́ wọn lára ni?" Màmá a sì pa fóònù.

Àbúrò ọkọ Màmá ni ó ń wa ọkọ̀ náà. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, Màmá kò lè pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ni wọ́n ń pè é, kódà nígbà tí inú bá ń bí wọn. Ní Sátidé tí ó kọjá, a dé etí koríko, ẹ́ńjìnnì kò kú. Adúmáadán tún tẹná mọ́ ọn ni! Gbogbo igi erékùṣù bú sókè ní funfun bí àwọn lékeléke ṣe fò lọ. Àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àwòdì balẹ̀ sórí ìtẹ́.

"Adúmáadán! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Máníjà ló ní kí n ṣe é. Ẹ ò rí i bí inú wọn ṣe ń dùn?"

"Inú àwòdì náà ń dùn! Bí a bá tìtorí ẹyìn gé ọ̀pẹ lulẹ̀, ọkọ mi, kí lẹ máa kọ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Màmá yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n so ó mọ́ ọrùn, wọ́n sì gbé àjẹ̀ lé Adúmáadán lọ́wọ́.

"A ò ní débẹ̀ mọ́ ni?" àlejò kan béèrè.

"Ta lẹ fẹ́ kí níbẹ̀? Àwọn onílé ti jáde."

Adúmáadán wà wá padà pẹ̀lú ìkérora. "Ìyàwó wa, apá mi o!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ẹ máa wà á."

Máníjà ti dúró dè wá ní èbúté, ó fa ojú ro. "Màmá, ọlọ́kọ̀ mìíràn ni n ó máa kó àlejò mi fún."

"Ẹ kó wọn fún un. Kó kó wọn lọ wo omi."

Máníjà wo erékùṣù. Igi dúró lásán. Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn èbúté, wọn kò gbójú kúrò lókè. Ó pẹ́ kí lékeléke kan tó padà bà, lẹ́yìn náà òmíràn. Díẹ̀ ni wọ́n.

"Wọ́n ti ń padà!" máníjà pariwo. "Ẹ jẹ́ ká kó àwọn àlejò ọ̀sán lọ!"

Màmá pòṣé tí ó gùn ju ọkọ̀ wọn lọ. "Kò sẹ́ni tó máa débẹ̀ títí àwọn ọmọ ẹyẹ á fi fò."

Màmá dìde, wọ́n gba ilé lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Adúmáadán, tí ó ṣì ń fọwọ́ ra apá, na àjẹ̀ sí máníjà.

"Bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ lọ, ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa wà á."