Obìnrin Inú Àpẹẹrẹ Bàbá Aránṣọ

Òórùn èédú àti ti aṣọ tútù tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ń jó ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá aránṣọ, nísàlẹ̀ ilé wa ní Attécoubé, ní Abidjan, kí atẹ́gùn ọ̀sà tó gbá a lọ. Deux mille un ni, ọdún 2001, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti gba bac, ìwé ẹ̀rí ìparí ilé-ìwé gíga, ilé-iṣẹ́ kan ní èbúté sì ń wá akọ̀wé, ṣùgbọ́n ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níwájú rẹ̀. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo fìdí rẹmi. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kejì ni àṣemọ.

Who, which àti whose ló dà mí láàmú. Qui tí mo mọ̀ ní Faransé gba èèyàn, ó gba nǹkan. “Tí” tiwa náà kì í ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ìyá mi ní, “Lọ bá bàbá aránṣọ. Tíṣà ni wọ́n ní Èjìgbò kí wọ́n tó wá síbí.”

Bàbá tẹ́ aṣọ dúdú kan sórí tábìlì, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ kọ̀wé sí i. “Qui kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù yìí o,” ni wọ́n wí. “Bó o bá lè sọ pé ‘ẹni tí’, who ni. ‘Ohun tí’, which ni. Bó o bá wá gbọ́ ‘obìnrin tí ohùn rẹ̀ dùn’, ‘rẹ̀’ yẹn ló ń pe whose.”

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ. Kò pẹ́ tí mo fi kíyè sí i pé obìnrin kan náà ló wà nínú gbogbo àpẹẹrẹ wọn: obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi sílẹ̀, obìnrin tí bàtà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni obìnrin yìí?”

Wọ́n ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́. “Ìyàwó mi olóògbé ni. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹkún á gbà mí lẹ́nu. Ní Gẹ̀ẹ́sì, mo lè ṣe é bí iṣẹ́ ilé-ìwé.”

Mo kàn mú ṣọ́ọ̀kì náà, mo ní kí wọ́n fún mi ní àpẹẹrẹ mìíràn. Wọ́n fún mi ní mẹ́wàá lọ́jọ́ yẹn.

Mo yege. Nígbà tí mo sáré wọlé láti sọ fún wọn, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì fa àpótí kan fún mi láti jókòó. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyàwó wọn, ní Yorùbá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé. Wọ́n sunkún dáadáa. N kò gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n dákẹ́. Mo jókòó tì wọ́n títí ọ̀rọ̀ fi tán.

Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń rò ó. Nítorí ìdánwò ni mo ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, èmi ni mo rò pé mo ń gba ìrànlọ́wọ́. Àṣé ẹni méjì ló ń kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tèmi ló sì rọrùn jù.