Ohun tí Ewúrẹ́ Fi Hàn Mí Nípa Iná Mànàmáná

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní agboolé wa ní Gàmbàrí, kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tán. Ẹ bi ẹnikẹ́ni, yóò ṣàlàyé. Wọ́n ní bí èèyàn bá ti wọ bàtà rọ́bà, iná kò lè mú un. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti mú iná lọ, wáyà kò yàtọ̀ sí okùn. Wọ́n tún ní ẹni tí iná bá gbé, kí a má fọwọ́ kàn án rárá, nítorí iná ṣì wà lára rẹ̀. Kí a gbẹ́lẹ̀, kí a fi yẹ̀pẹ̀ bò ó dé ọrùn, kí ilẹ̀ lè fà á jáde.

Ọkùnrin tó fa wáyà sílé wa ló kọ́ wa ní èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òun náà ló fa wáyà kan láti pálọ̀, tó gbé e gba orí páànù lọ sí yàrá ẹ̀yìn. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí kì í sọ pé "n kò mọ̀" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara máa ń fu mí sí i. Láti kékeré ló ti mọ́ mi lára, ẹ má bá mi wí.

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, ìyá mi ń fọ aṣọ funfun tí bàbá mi yóò wọ̀ lọ kí Jímọ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, atẹ́gùn sì ti jà. Iná kò sí. Ìyá mi wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó fi sítáàṣì sí aṣọ, ó sì ń sá a sórí wáyà ìsáṣọ tí wọ́n so mọ́ etí páànù. A kò mọ̀ pé wáyà iná tó wà lókè ti bó, tí irin inú rẹ̀ sì ti kan páànù.

Bí iná ṣe dé nìyẹn. Ẹ ṣáà mọ bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Gbogbo wa fò sókè, a hó: "Iná ti dé o!" Àtẹ́wọ́ ni mo ń pa nígbà tí mo yíjú tí mo rí ìyá mi. Ó di wáyà mú, ẹnu rẹ̀ là, kò sì sí ohùn. Mo ti darúgbó báyìí, síbẹ̀ àtẹ́wọ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Àáfà tó ń kọ́ wa ní kéú ló sáré wọlé, tó pa súìṣì ńlá ẹ̀gbẹ́ mítà. Ìyá mi ṣubú bí aṣọ tó já lórí okùn. Àwọn àgbà yí i ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Iná ṣì wà lára ẹ̀!"

Wọ́n gbé ọkọ́ wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ìyá bàbá mi ń sunkún, ó ń pe Ọlọ́run, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì kó yẹ̀pẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ìyá mi o, mi ò purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ rì í mọ́lẹ̀ láàyè.

Ewúrẹ́ wa ló gba àárín wọn kọjá. Sítáàṣì ṣì wà lọ́wọ́ ìyá mi, ewúrẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ó lá àtẹ́lẹwọ́, ó lá ìka, kò ta, kò ké. Mo ní bí iná bá ṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣé ó ń ṣojúsàájú ewúrẹ́ ni? Mo já wọ àárín wọn, mo di ọwọ́ ìyá mi mú. Wọ́n pariwo mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe mí. Mo ń ké pé, "Kò sí iná níbẹ̀! Ẹ gbé e!" títí Àáfà fi gba ọkọ́ dànù, tó sì gbé ìyá mi dìde. Ọkọ̀ aládùúgbò kan ló gbé wọn dé ọsibítù.

Alihamudulilahi, ó yè. Ìka méjì ni kò ṣeé ká mọ́ títí ó fi lọ bá Ọlọ́run.

Ọkùnrin oníwáyà wá kí wa. Ó ní bàtà ìyá mi ni yóò ti lu. Mo wọlé lọ mú bàtà náà, mo gbé e sójú oòrùn, mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa. Kò lu rárá. Òjò àti omi aṣọ fífọ̀ ló ti rin ín gbindingbindin lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ mi ọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ iná ti là á yé mi lẹ́yìn náà. Ara èèyàn kì í fi iná pamọ́. Bí a bá ti pa iná láti orísun rẹ̀, kí a tètè gbé onítọ̀hún ni. Bí a kò bá tí ì pa á ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Yẹ̀pẹ̀ kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀, bàtà rọ́bà kò sì ṣeé gbọ́kàn lé, pàápàá tó bá tutù.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Sólà wà lórí páànù, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé. Ta ló tún lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná ti lọ? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọmọ ọmọ mi obìnrin nínú omi ní bálùwẹ̀, ó fẹ́ ki irin tí wọ́n fi ń mú omi gbóná bọ iná. Mo kígbe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, bàtà rọ́bà ni mo wọ̀ o, mo rí i lórí fóònù pé kò léwu." Nígbà tiwa, ọkùnrin oníwáyà ló ń sọ ọ́. Fóònù ló gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Títí dòní, bí iná bá dé, àwọn ọmọ àdúgbò ṣì máa ń hó. Èmi kì í pàtẹ́wọ́. Mo máa ń pe gbogbo ará ilé lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn yóò fi dá mi lóhùn.