Àgbọn Ìparí Ìjà àti Ihò Erìgì Mi

Láyé ìgbà yẹn, bí o bá ń bọ̀ ní Gberefu, erékùṣù wa tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, kí ọkọ̀ rẹ tó gúnlẹ̀ ni òórùn òróró àgbọn yóò ti pàdé rẹ lórí omi. Èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń dáná rẹ̀. Èéfín rẹ̀ a máa ta ni lójú, ṣùgbọ́n òórùn tó wà nínú èéfín náà a máa mú kí itọ́ dà lẹ́nu ẹni tó yó pàápàá. Òórùn yẹn ni mo kórìíra jù lọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ erìgì ìkẹyìn mi, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní eyín ọgbọ́n. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀, n kò rí i títí dòní. Ó kàn ń ti àwọn yòókù ni, bí ọkọ̀ tó fẹ́ fi agídí wọ èbúté tó ti kún.

Ayé owó epo rọ̀bì ni. Wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ bọ̀ láti Èkó, èmi sì wà lára àwọn tó ń wa katapílà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú tí n kò lè lanu mọ́, mo gba ọsibítù lọ ní ìlú. Wọ́n yọ ọ́ tán, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tí kò mọ ẹ̀rín-ín rín na ìka sí mi. "Nǹkan tútù, nǹkan rírọ̀. O ò gbọdọ̀ fi ẹnu fa nǹkan mu, o ò gbọdọ̀ jẹ gààrí, o ò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun tó ń dún lẹ́nu. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ bá ṣí, ojú ẹ á rí i." Mo bi í léèrè ẹja díndín. Ó ní, "Ṣé ẹja díndín kì í dún ni?"

Ìyá mi, tí í ṣe ìyàwó kékeré bàbá mi, ló wá ń bọ́ mi. Yóò po àkàsà mọ́ omi tútù títí yóò fi máa ṣàn, yóò da mílíìkì lé e. Lọ́sàn-án yóò se ẹja òkun láìfi ata sí i, yóò ṣa egungun rẹ̀ kúrò, yóò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Èmi tí mò ń jẹ ata bí ẹni jẹ iyọ̀! Bí mo bá jẹun tán, mo máa ń bu omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́rọ́ sẹ́nu, mo sì ń tẹ orí síhìn-ín sọ́hùn-ún kí omi náà máa rìn fúnra rẹ̀.

Ààrò ìyáálé rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa. Ìgbà tí mo bá jókòó ti abọ́ àkàsà gan-an ni obìnrin yìí máa ń gbé ẹja sínú òróró àgbọn. Yóò kọ́kọ́ fi èdè Ògù, èdè ìdílé bàbá mi, bú mi, yóò sì tún un sọ ní Yorùbá kí ìyá mi tó jẹ́ Àwórì lè gbọ́ dáadáa: "Ẹ wá wo ọ̀gá katapílà! Ó ń lá àkàsà bí ọmọ tó ń hu eyín."

Ìjà ti wà nílẹ̀ kí eyín tó dé. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni ọmọ ìyáálé, ẹ̀gbọ́n mi, ti ń sọ pé ẹni tó ń jẹ owó márosẹ̀ kò ní ohun tó ń ṣe nínú oko àgbọn, àti pé kí ìyá mi máa lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lódìkejì ọ̀sà. Èmi náà ní ẹni tó bá fẹ́ lé ìyá mi, kí ó kọ́kọ́ wá dùbúlẹ̀ síwájú katapílà. Ọ̀rọ̀ le. Àwọn àgbà ìdílé bá dá ọjọ́ tí a óò jẹ àgbọn. Ní ìdílé wa, bí ọmọ bàbá bá ń jà, wọ́n á fọ́ àgbọn gbígbẹ kan láàárín agbo, àwọn tó ń jà á sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti jẹ ìjà náà tán. Ẹni tí kò bá jẹ ẹ́, òun àti ìyá rẹ̀ ni yóò kó jáde nílé náà. Wọn kì í sì í yẹ ọjọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ pé, ẹnu mi kò tíì san. Ẹ̀gbọ́n mi mú tirẹ̀, ó ń rún un kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ewúrẹ́. Tèmi wà lọ́wọ́ mi, ìyá mi ń wò mí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rin ín fún mi, n ó gbé e mì."

Olórí ẹbí kọ̀ ọ́. "Ìjà kì í ṣe ẹ̀kọ mímu. Eyín la fi ń rún un."

"Eyín kan ṣoṣo ni wọ́n yọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àwọn tó kù ńkọ́? Wọ́n bá a lọ sìnkú ni?"

Agbo bú sẹ́rìn-ín. Mo bá sọ àgbọn náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, mo pa eyín dé. Ìrora gba etí mi jáde, mo tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, àgbọn kò fọ́. Mo yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fò sókè: "Ẹ rí i! Ó ti tu ú! Kí ìyá rẹ̀ lọ di ẹrù!" Ìyá mi ti dìde lóòótọ́, ó ń so ìró rẹ̀ le.

Ìyáálé ló já àgbọn náà gbà lọ́wọ́ mi. Ó jù ú sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò mí bí ẹni wo ejò tó wọ yàrá. Nígbà tó kúnná, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí mi.

"Lanu. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lé ìyá ẹ, èmi fúnra mi ni n ó lé e. Erìgì kọ́ ni yóò bá mi lé e."

"Ìyá, ta lẹ wá ń gbèjà báyìí?" ni ọmọ rẹ̀ pariwo.

"Panu mọ́! Ìwọ tí mo fi ẹnu mi rún oúnjẹ fún títí o fi hu eyín."

Mo lanu. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́, ó dùn, tábà tí obìnrin náà máa ń jẹ sì ń ta nínú rẹ̀. Mo gbé e mì. Olórí ẹbí ní, "Eyín ti rún un. Ó ti jẹ ẹ́."

Má rò pé a di ọ̀rẹ́. Títí obìnrin náà fi kú, kò kí ìyá mi ní ìkíni tó dénú, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n inú ilé yẹn ni ìyá mi gbó sí. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí mi tó jẹ́ pé erìgì lásán ni wọn ì bá fi lé mi jáde nílé. Nígbà náà ni mo tó mọ iyì ọ̀tá tó mọ ààlà. Nínú gbogbo ohun rírọ̀ tí mo jẹ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, èyí tó mú wa dúró, ọwọ́ ẹni tó kórìíra wa ni mo ti gbà á jẹ.