Akaròyìn Tó Ń Mí Kanlẹ̀

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní yunifásítì, láàárín àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ ìwádìí àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n lọ bá àwọn àgbàlagbà nílé wọn, kí n bi wọ́n bóyá ìròyìn Yorùbá orí rédíò ń yé wọn. Èrò tiwa ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí ìjọba ń mú wá á máa rú wọn lójú.

Àdúgbò Àpáta n'Ìbàdàn ni mo ti pàdé Màmá kan, opó tíṣà. Wọ́n gbé omi àti ẹ̀pà wá fún mi. Mo bi wọ́n pé kí ni kì í yé wọn nínú ìròyìn, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ló ń yé àwọn. Mo ní ṣé kò wá sí ohunkóhun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ọ̀kan wà.

"Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ìrọ̀lẹ́ yẹn, tó bá ti fẹ́ kéde òkú, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Àyà mi á ti já kó tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bá mi sọ fún un kó má mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Kò síbi tí mo lè kọ èémí sí nínú ìwé ìbéèrè wa. Ẹ̀gbẹ́ ìwé ni mo kọ ọ́ sí.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé mo mọ ọkùnrin náà. Ó máa ń wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn. Agbowó ló ń gbé. Ó kúrú, ó sì pẹ́lẹ́ńgẹ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ dà bíi ti baba olówó tó ti jẹun yó. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún un, ó ní irọ́ ni, òun kì í mí. Mo ní bí kò bá ń mí, ká tètè gbé e lọ sí ọsibítù ní Jẹ́ríkò. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí Màmá náà.

Ọjọ́ Sátidé la lọ, nínú ọkọ̀ ìjàpá mi. Màmá wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n wá bi mí pé akaròyìn ńkọ́. Mo ní òun nìyí. Wọ́n ní rárá, ti inú rédíò ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Ó fi ohùn iṣẹ́ rẹ̀ kí wọn, wọ́n ní ta ni kò lè sín ohùn jẹ.

Ni Màmá bá fún un ní ìwé ìròyìn àtijọ́ kan, wọ́n ní kó bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá, kó máa kà á. Ó ka ti owó kòkó, Màmá ò sọ nǹkan kan. Ó ka ti òjò tó ba títì jẹ́, wọn ò mira. Ó wá kan ìkéde ìsìnkú. Mo gbọ́ ọ kedere: ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù.

"Òun ni," ni Màmá wí. "Ó yá, jáde wá jẹun."

Ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n ó jẹ ìrẹsì náà tán, ó sì ṣèlérí pé òun ò ní mí mọ́.

Ìlérí yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tó kéde òkú ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ó sé èémí mọ́nú, kò sì tíì dárúkọ olóògbé tán tí ikọ́ fi gbé e. Gbogbo Ìbàdàn ló gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá a wí, ló bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà lọ bẹ Màmá. Màmá rò ó síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní kó máa mí, àmọ́ kó máa mí ṣáájú ìròyìn ayọ̀ pẹ̀lú, kí àwọn má baà mọ èyí tó ń bọ̀.

Ó gbà. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀gá mi ń gbọ́ rédíò ní ọ́fíìsì, èmi náà sì wà níbẹ̀. Akaròyìn mí kanlẹ̀. Ọ̀gá mi bọ́ awò ojú wọn, wọ́n bi mí pé ta ló tún kú. Kò sẹ́ni tó kú. A borí nínú bọ́ọ̀lù ni.