Ìyá Tẹjú Tó Ń Ta Ìyókù Fíìmù

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàdọ́rùn-ún náírà ló kù lọ́rùn Ìbísọ́lá Ilésanmí nínú owó ilé oṣù mẹ́fà. Èmi ni onílé. Gbọ̀ngàn tó ń lò ní Dópẹ̀mú, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ ọ, torí owó oṣù sítọ́ọ̀kípà kì í kọ́lé kíá. Nígbà kan, páálí ọṣẹ ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Láti ọdún méjì sẹ́yìn, sinimá ni: ọgọ́rin àga oníke, aṣọ funfun kan lára ògiri, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń mu epo bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni.

Ọjọ́rú kan ni mo lọ bá a. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ láti ilé. Alhaji Shuaib tó ń ta fóòmù fẹ́ gba gbọ̀ngàn náà, owó ọdún kan gbáko ló sì fẹ́ san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ìyá Tẹjú," mo ní, torí orúkọ ọmọ rẹ̀ la fi ń pè é ládùúgbò. "Sátidé, aago méjìlá ọ̀sán. Tí owó mi ò bá pé nígbà yẹn, màá gba ti Alhaji, wàá sì kó àga rẹ."

Orí àga kan ló dúró lé, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ fíìmù tó ń bọ̀ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró.

"Mo gbọ́, Dádì. Sátidé náà ni. Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

Mi ò jókòó. Pátákó yẹn ni mo ń kà. *Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: Kọ́kọ́rọ́ Inú Jákẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ̀ta náírà. Sátidé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀: Ìyókù. Ọ̀ọ́dúnrún. Aago mẹ́wàá ààbọ̀: Ìyókù kékeré. Igba náírà.*

"Fíìmù wo ló ń jẹ́ Ìyókù?"

"Kì í ṣe fíìmù, sà. Ẹ wọlé, ẹ ó rí i fúnra yín."

"Èló?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Onílé ò ní sanwó lónìí."

Bó ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́, mo wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ Agége kan ló ya fíìmù náà. Ìdajì owó ẹnu ọ̀nà ni tiwọn. Nínú fíìmù náà, wọ́n gbé jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan wá fún télọ̀ obìnrin kan pé kó tún un ṣe, ó sì bá kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n rán mọ́ inú aṣọ náà. Ẹni tó ni jákẹ́ẹ̀tì lóun ò mọ kọ́kọ́rọ́ kankan rí, àmọ́ ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo ní kí n wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún di wákàtí kan.

Télọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iwájú ilẹ̀kùn kan, ó ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo, ni fèrè bọ́ọ̀sì dún níta. Aago márùn-ún géérégé. Bí ogún èèyàn ṣe dìde nìyẹn, àpò oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí ojú wọn má baà kúrò lára ògiri.

"Ẹ má sọ fún mi o!" obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Khàdíjàt pariwo. "Ẹni tó bá sọ fún mi, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà!"

Mo tẹ̀ lé wọn jáde kí n lè bi Ìbísọ́lá ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Àwọn ará iléeṣẹ́ Òrégùn nìyẹn, sà. Aago mẹ́fà ni ṣíìfù alẹ́ wọn. Bọ́ọ̀sì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí máa dé ní aago márùn-ún ààbọ̀, àwọn náà á tún lọ."

"Kí ló dé tí o ò bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì?"

"Wọ́n ṣì ń sùn ní aago méjì."

Ibẹ̀ ló ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń di bisikíìtì sínú páálí ní Òrégùn. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wo fíìmù nínú ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n tó wọ ṣíìfù, fèrè á sì dún kó tó parí. Tí wọ́n bá dé ìdí iṣẹ́, kálukú á máa fúnra rẹ̀ sọ bó ṣe parí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́, Oyinadé, gbogbo èèyàn inú fíìmù ló máa ń pa nínú ìparí tiẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlá, Dádì. Mi ò rí ìparí ẹyọ kan."

Nígbà tí iléeṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n fún un lówó ìdádúró. Àwọn yòókù ra fìríìjì, wọ́n ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Òun ra ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkìtì ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ìbísọ́lá fúnra rẹ̀ ló wá dá Ìyókù sílẹ̀: kí ẹni tí fèrè gbé lọ lè padà wá lọ́jọ́ Sátidé, kó san owó ibi tó ṣẹ́kù. Ìyókù ni ti àwọn bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, Ìyókù kékeré ni ti àwọn bọ́ọ̀sì kejì.

Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Kò lérè. Epo nìkan máa jẹ ẹ́ tán. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, mo sì gba ìpàdé àwọn onílé lọ, torí mo ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni wọ́n ń sọ nípàdé. Alága ní, "Kí lẹ̀yin rí sí i?"

Mo ní, "Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo dọ́gbọ́n bi Sódìq tó ń lẹ táyà nítòsí ibẹ̀, torí ó wo fíìmù náà tán. Ó ń fọn afẹ́fẹ́ sí táyà lọ. "Bàbá, wọ́n ti ní ká má sọ. Tí mo bá sọ, Ìyá Tẹjú ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́."

Ní Sátidé, aago mẹ́wàá ò tíì lù tí mo fi débẹ̀. Owó ilé ni mo bá wá. Mo kàn rí i pé mo ti tò sórí ìlà ni. Ìbísọ́lá wà lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo èèyàn: "Níbo lẹ bá a dé?"

"Ibi tó ti ń gun àkàbà," ọkùnrin iwájú mi dáhùn.

"Ìyókù kékeré. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, igba náírà." Ó kọjú sí mi. "Dádì, níbo lẹ bá a dé?"

Mo ṣe ìṣirò kíá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló wà láàárín méjèèjì, ọgọ́rùn-ún náírà sì ni. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, kí ló tún kù tí kò ní ṣí? Kí ni mo fẹ́ sanwó lé lórí níbẹ̀?

"Ibi àkàbà," mo ní.

Ó wò mí. Ṣebí òun ló dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà ní aago márùn-ún Ọjọ́rú. "Ibi àkàbà, Dádì?"

"Mo ní ibi àkàbà."

"Igba náírà, sà."

Mo wọlé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Télọ̀ wà lórí àkàbà. Ọmọbìnrin kan tí mi ò rí rí ń pè é ní ìyá. Oníjákẹ́ẹ̀tì kúnlẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń sunkún. Ilẹ̀kùn wo? Kò sí ilẹ̀kùn kankan mọ́. Khàdíjàt, tó ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá, ń fi ìbòrí nu ojú. Nígbà tó parí, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ ta lọmọ yẹn?" mo rọra bi Khàdíjàt.

"Ah-ah! Bàbá, ṣebí ibi àkàbà lẹ ní ẹ bá a dé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àga kan ṣubú.

Lẹ́yìn náà, Ìbísọ́lá gbé náílọ́ọ̀nù owó wá. A jọ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, aago méjìlá sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Iléeṣẹ́ ò tíì san owó oṣù, Dádì. Èrò ò pọ̀ tó bó ṣe yẹ." Kò bẹ̀ mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àga léra.

Fóònù mi dún. Alhaji ni. Mi ò tíì gbé e.

"Ọmọ ta lọmọ yẹn?" mo bi Ìbísọ́lá.

"A kì í sọ ọ́ lẹ́nu níbí, sà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ fò yẹn, ọgọ́rùn-ún náírà ni."

"Gbé e sí i fún mi nísinsìnyí."

"Epo ti tán. Ọjọ́rú, kí fíìmù tuntun tó bẹ̀rẹ̀."

"Tó o bá sì ti kó lọ nígbà yẹn ńkọ́?"

Ó gbé àga kan sórí èkejì. "Mi ò mọ ibi tó máa jẹ́, sà."

Fóònù ṣì ń dún. Mo ro ti òrùlé tó ń jò, tí fóòmù ò sì gbọdọ̀ rí omi. Mo ro owó ọ̀dà àti owó ejẹ́ǹtì tí màá san tí mo bá gba Alhaji. Gbogbo rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ fíìfíì. Ìṣirò náà pé. Àmọ́ kí n tó ṣe é tán ni mo ti tẹ fóònù.

"Alhaji, ẹ má bínú. Gbọ̀ngàn yẹn ò ṣófo."

Ìbísọ́lá gbé àga ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tó ti tò léra palẹ̀ padà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọjọ́rú," mo ní. "Kò gbọdọ̀ kọjá Ọjọ́rú."

"Ọjọ́rú ni, Dádì. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni kí ẹ ti dé. Kí ẹ sì mú ọgọ́rùn-ún náírà yín wá géérégé o, mi ò ní ṣéńjì."

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Ó jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Èmi náà jẹ ẹ́ ní ọgọ́rùn-ún náírà, mo sì ti yà á sọ́tọ̀.